Ìdí Tí Lẹ́tà Rọ̀bọ̀tọ̀ Kò Fi Lè Sunkún

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀, tí àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, kò sí lẹ́tà kan tó sanra láyé. Gbogbo wọn ló rí tẹ́ẹ́rẹ́, igun ara wọn sì mú bí igun àpótí. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ti rí gbogbo wọn.

Ilé méjì péré ni wọ́n ní. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni olórí ilé kìíní, àbúrò rẹ̀, Àyọ̀ká, ni olórí ilé kejì. Ìyá kan náà ló bí wọn, Mọ́rẹ́nikẹ́ ló sì pọn Àyọ̀ká dàgbà.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà ńláńlá, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta kan wà tí wọn kò ju ẹ̀kán tàdáwà kọ̀ọ̀kan lọ. Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Àwọn ni ẹ máa ń rí lábẹ́ lẹ́tà nínú ìwé yín, tí olùkọ́ ń pariwo lé yín lórí pé ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé wọn.

Orúkọ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ilé Àyọ̀ká ni Péńpé, Bíńtín àti Kíún. Kíún ló kéré jù. Bí Kíún bá sín lóru, Àyọ̀ká, ìyá rẹ̀, á ti jí kó tó sín ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ àwọn lẹ́tà ni kí wọ́n máa kéde fún àwọn ẹranko ìlú Etídò. Ògiri kan tí wọ́n fi ẹfun kùn wà létí odò, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọnmi láràárọ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, Baba Òòrẹ̀ tó ń tọ́jú ògiri á fa ẹ̀gún kan yọ ní ẹ̀yìn ara rẹ̀, á tì í bọ tàdáwà, á fi kun àwọn lẹ́tà tó kàn, wọn á sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá wá pọnmi á kà wọ́n.

Lẹ́tà tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dá sọ̀ kalẹ̀. Kò sì lè bá ẹranko sọ ohunkóhun ju ohun tó ń kéde lọ. Àwọn lẹ́tà lè máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n etí ẹranko kì í gbọ́ ọ. Àfi kí ará ìlú ka ọ̀rọ̀ náà, kó sì dáhùn pé, "A ti gbọ́." Ìgbà yẹn ni tàdáwà á tó tú wọn sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, àwọn ẹranko á gbé oúnjẹ wá fún àwọn lẹ́tà, wọn á jó títí oòrùn á fi wọ̀, kí wọ́n tó wí pé, "A ti gbọ́." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú ni, ọjọ́ keje ni wọ́n ń dáhùn, kí ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn lè dé kí wọ́n sì kà á. Fún ọjọ́ méje yẹn, lẹ́tà kì í jẹun. Oòrùn á pa wọ́n, ìrì á sẹ̀ sí wọn lára.

Òfin ìlú wá sọ pé ilé tó bá jẹ oúnjẹ ayọ̀ ni yóò gbé òkú tó bá tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà kò dédé ṣe òfin yìí. Wọ́n fẹ́ kí ojú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ ẹ̀rín, kó sì mọ ẹkún.

Ní ọjọ́ kan, Àgbò àgbà kú. Ilé Àyọ̀ká ló kàn. Ní ọjọ́ kẹta lórí ògiri, Kíún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ebi. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò lè sunkún mọ́. Ìyá rẹ̀ wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ilé Mọ́rẹ́nikẹ́ ni Àyọ̀ká gbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Káàbọ̀, Àyọ̀ká. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ara àwọn ọmọ kò yá, ẹ̀gbọ́n mi. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kíún mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé òkú tó bá tún kàn mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Èmi ni n ó máa kéde ayọ̀, n ó sì máa bu ìdajì oúnjẹ wá fún yín."

Mọ́rẹ́nikẹ́ bojú wo àwọn ọmọ ilé tirẹ̀.

"Èmi náà ní ọmọ wẹ́wẹ́, Àyọ̀ká."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n àwọn tiyín le ju tèmi lọ."

"Ẹkún kì í ṣe ẹrù tí à ń gbé ru ẹlòmíràn," ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí. "Ojú tí kò bá sunkún rí, ọjọ́ tó bá fẹ́ sun ún, kò ní mọ̀ ọ́n sun."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbàgbé ọmọ náà. Ó gbà.

Ẹ̀yin náà mọ bí "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré" ṣe máa ń rí. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nígbà tó yá kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Bí ọmọ bá dé sáyé, Àyọ̀ká. Bí ìyàwó bá wọlé, Àyọ̀ká. Bí ẹlẹ́mìí bá kú, Mọ́rẹ́nikẹ́.

Ìdajì oúnjẹ dé ilé Mọ́rẹ́nikẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó di ìdámẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó di èérún ìsàlẹ̀ abọ́. Níkẹyìn ó di, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n ó rí yín lọ́la."

Ilé Àyọ̀ká ń jẹ àkàrà, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń lá oyin. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Igun wọn kúnra, ó ká, ó di rìbìtì. Ihò àárín lẹ́tà, tó fẹ̀ bí ojú fèrèsé tẹ́lẹ̀, ọ̀rá dí i títí ó fi kù bí ihò abẹ́rẹ́. Wọ́n sanra rọ̀bọ̀tọ̀-rọbọtọ, wọ́n sì wuni í wò. Kíún pàápàá wú bí ẹ̀gúsí tó rẹ.

Àwọn ọmọ ẹranko fẹ́ràn wọn kọjá ààlà. Kí wọ́n tó sún mọ́ ògiri, bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè pé àwọn rọ̀bọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, orin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn:

"Àyọ̀ká dé o, ẹ wá jó!
Àwo oúnjẹ ń bọ̀, ẹ wá jó!"

Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kò ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kéde mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ kà? Wọ́n ti rí Àyọ̀ká, ó ti tó. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

Àwọn ará ilé Mọ́rẹ́nikẹ́ rù sí i. Nítorí pé wọ́n ń pẹ́ lórí ògiri, wọ́n hu àtẹ́lẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ ní ìsàlẹ̀ ara wọn kí wọ́n má baà ṣubú. Bí wọ́n bá ti jáde báyìí, ìlú á pa lọ́lọ́. Wọ́n á kà wọ́n láti òkè délẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Mọ́rẹ́nikẹ́ wá bá Àyọ̀ká, kò sì jókòó.

"Ìyá wa ti kú."

Àyọ̀ká gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ìyá mi!"

"Mo ti ń gbé òkú olókùú fún ọ láti ọjọ́ yìí wá," ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí. "Mi ò bá ọ gbé eléyìí. Ọmú rẹ̀ ni ìwọ náà mu. Wá, ká jọ lọ dúró."

Àyọ̀ká fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí pé Ehoro bí ìbejì, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì ni ọjọ́ náà. Ó rántí ọjọ́ méje láìjẹun. Ó wo Kíún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ti fún Ehoro lọ́rọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òkú sì yẹ. Ebi ṣáà ti mọ́ àwọn ọmọ yín lára."

Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Kò bú u. Ì bá sàn ká ní ó bú u.

Ní ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ògiri ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kéde ikú ìyá wọn. Apá òsì ni Àyọ̀ká ti kéde ìbejì Ehoro. Apá òsì ni gbogbo ẹranko kọjú sí. Wọ́n jó títí, eruku ijó wọn sì bo orúkọ ìyá àgbà.

"Ìyá," ni Kíún wí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ṣé a ò ní sunkún ìyá àgbà ni?"

"Jẹ àkàrà rẹ," ni Àyọ̀ká dáhùn.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó kó ilé rẹ̀ lẹ́yìn, ó lọ sí orí òkè, sínú ilé kan tó ní ewé ní ìpele lórí ìpele, èyí tí à ń pè ní ìwé. Kó tó lọ, ó yà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Àdéhùn wa parí lónìí, Àyọ̀ká. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun tó bá kàn ọ́, gbé e."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà," ni Àyọ̀ká wí. Inú bí i díẹ̀. Ó lọ jẹun.

Oṣù méjì kọjá, ọ̀gbẹlẹ̀ parí, òjò dé. Ẹ mọ̀ pé omi ni ikú lẹ́tà. Tàdáwà ni ẹ̀jẹ̀ wọn, tí omi bá ti kàn án pẹ́, ó parí. Lẹ́tà ńlá lè bá omi jà fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè bá a jà rárá.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Baba Òòrẹ̀ sáré wọlé Àyọ̀ká, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Dìde, Àyọ̀ká! Òjò ti ń rọ̀ lókè láti ìjẹta. Odò ti kún bo etí, ó ń bọ̀ wá gbé ìlú lọ. Ìwọ ló kàn!"

Àyọ̀ká gbá Kíún mọ́ra. "Baba, ẹ jẹ́ kí n fi àwọn kéékèèké sílẹ̀."

"Síbo? Ilé rẹ ló sún mọ́ odò jù. Ìkéde kì í sì í pé láìsí wọn. Ẹ dúró kíá, wọn á kà á, wọn á dáhùn, gbogbo yín á sọ̀ kalẹ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ."

Òótọ́ ni Baba Òòrẹ̀ sọ. Fún lẹ́tà mìíràn, kì bá ti ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Wọ́n dúró. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kéde ni pé: Ẹ ṢỌ́RA! ODÒ DÉ! Ká ní wọ́n ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkè ògiri ni gbogbo wọn ì bá ti gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tóbi jù. Wọ́n kún ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Baba Òòrẹ̀ kùn wọ́n tán, ó sáré lọ kó àwọn arúgbó gun òkè.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó ru ìkòkò omi. Ó rí wọn lókèèrè, ó rẹ́rìn-ín títí ìkòkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀.

"Àyọ̀ká dé o! Ta ló tún bímọ?"

"Èwo ni tẹni tó bímọ?" ni Ọ̀bọ dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Béèrè ibi tí oúnjẹ wà!"

Wọ́n bẹ́ sí orin. Ehoro gbé ìbejì rẹ̀ wá. Ọmọ bíbí inú Àgbò, ẹni tí Àyọ̀ká ti fi ebi kéde ikú baba rẹ̀ rí, òun ló wà níwájú agbo ijó. Kò sí ẹni tó ka lẹ́tà kan.

Omi yọ́ dé ìsàlẹ̀ ògiri.

"Ìyá," ni Kíún wí, "ilẹ̀ ti tutù."

"Máa wo òkè, ọmọ mi. Wọ́n máa kà á báyìí."

"Ìyá, kí ló dé tí wọ́n ń jó?"

Àyọ̀ká fẹ́ ṣe ojú rẹ̀ ní ojú ẹkún. Ó fa ara rẹ̀ síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, kò sí igun kankan tó lè fà mọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń jà tó yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ó ń jó, àwọn ẹranko sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Omi gbé Péńpé lọ. Omi gbé Bíńtín lọ. Ẹsẹ̀ àwọn ẹranko ti tutù, wọ́n ní òjò àná ni.

"Ẹ wí i o," ni Àyọ̀ká ń bẹ̀bẹ̀ nínú. "Ẹ ṣáà wí pé ẹ ti gbọ́. Ẹ kúkú máa jó lẹ́yìn náà. Ẹ wí i!"

Kíún kò pariwo. Ẹ̀kán tàdáwà kì í pariwo. Ó fẹ̀ díẹ̀ nínú omi, ó ṣì dúdú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di omi.

Orí òkè ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wà tó ti ń wo gbogbo rẹ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó kó ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ eré-eré, Baba Òòrẹ̀ tẹ̀ lé e. Baba ń pariwo fún àwọn ẹranko, ariwo orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yáa fa ẹ̀gún yọ, ó kun Mọ́rẹ́nikẹ́ àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n há ara wọn mọ́ àlàfo tóóró tó kù ní góńgó orí ògiri. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kéde. Kò lé, kò dín.

Orin kú lẹ́nu Ewúrẹ́. "Yéè! Ilé Mọ́rẹ́nikẹ́! Ta ló kú?"

Ìgbà náà ni wọ́n tó kàwé. "Ẹ ṣọ́ra! Odò dé!" Wọ́n wo ilẹ̀, omi ti dé orúnkún.

"A ti gbọ́! A ti gbọ́!"

Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹranko kan ṣoṣo kò bá omi náà lọ. Ìbejì Ehoro yè. Tàdáwà tú, ilé Àyọ̀ká já bọ́ sínú omi, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì wọ́ wọn gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyọ̀ká ń tú abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn wò. Ó tú u lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tú. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí odò fà, Àyọ̀ká lọ bá Baba Òòrẹ̀. "Ẹ kùn mí, baba. Mo fẹ́ kéde àwọn ọmọ mi."

Ó dúró fún ọjọ́ méje, kò jẹun. Ó tún fi ọjọ́ méje lé e. Igun kan kò padà sí i lára. Àwọn ọmọ ẹranko ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ewúrẹ́ gbé àkàrà gbígbóná wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ kú ayọ̀ o, ìyá wa," ni Ewúrẹ́ wí.

Baba Òòrẹ̀ nìkan ló ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì wí pé, "A ti gbọ́."

Àyọ̀ká gun òkè lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní oúnjẹ tí n ó pín pẹ̀lú yín. Mi ò ní ohun tí n ó fi dá àdéhùn. Ẹ bá mi sunkún wọn."

Mọ́rẹ́nikẹ́ fà á dìde. Ó pe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tirẹ̀, ó mú wọn jókòó sí ààyè wọn, ó lọ sí ògiri, ó kéde ikú Péńpé, Bíńtín àti Kíún.

Gbogbo ìlú Etídò ló sunkún. Ewúrẹ́ gbá orí mọ́ ògiri. Àyọ̀ká dúró lẹ́yìn wọn, àwọn tó bá bojú wẹ̀yìn rí i tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bínú sí i.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ti ń gbé inú ìwé, tí ọ̀rọ̀ òkú, òfin àti àdúrà fi wà lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti gbé ọ̀rọ̀ ẹkún fún lẹ́tà rọ̀bọ̀tọ̀. Ara bébà súìtì ni ẹ ó ti rí i, ara bísíkíìtì, ara bọ́ọ̀lù àti bàtà ọmọdé, àti iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kùn ní pupa àti yẹ́lò. Ibi tí ayọ̀ bá wà ni wọ́n ń mú un lọ. Wọn kì í bi í bóyá ó fẹ́ lọ.

Bí ẹ bá sì rí i lára pátákó lẹ́bàá ọ̀nà, tó tóbi, tó ń dán, tí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo níbi tó yẹ kí ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó sí, ẹ má bú ẹni tó kun pátákó pé ó gbàgbé. Kò gbàgbé. Àyọ̀ká kò ní wọn mọ́ ni.